Ẹyẹ Tó Sàba Lé Ilẹ̀ Lásán

Ìyá Ìbejì kì í purọ́. Ẹ bi ẹnikẹ́ni ládùúgbò. Bí aṣọ ò bá ní í tán lọ́jọ́ tí oníbàárà fẹ́, yóò sọ ọ́ lójú onítọ̀hún pé kò ní í tán, kí ó gbé aṣọ rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti máa tàn án. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé aránṣọ tí kì í purọ́ ọjọ́, ó wọ́n bí ojú. Nítorí náà, nígbà tí obìnrin yìí wá bẹ̀rẹ̀ irọ́ lẹ́yìn tó ti dàgbà, kò mọ̀ ọ́n pa rárá. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Ọkọ rẹ̀, Bàbá Ìbejì, rédíò ló ń tún ṣe. Nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì dá, yàrá kékeré ẹ̀gbẹ́ pálọ̀ wọn kún fún rédíò tí wọ́n ti tú ìfun rẹ̀ síta. Bí ẹ bá gbé èyí tí kò dún dáadáa mọ́ wá, yóò gbé etí lé e, yóò ní, "Dákẹ́ ná," bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ ń pariwo, yóò sì fi ìka tọ́ ibi tó ti bàjẹ́ kó tó tú ìdè kan. Ìgbà tó yá ni àìsàn ojú mú un. Ti òsì kọ́kọ́ lọ, ti ọ̀tún tẹ̀ lé e. Àwọn dókítà ṣe ìwọ̀n tí wọ́n lè ṣe, wọ́n ní kò sí ohun tó kù. Bàbá Ìbejì wálé, ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri, ó sì gbẹ́nu dákẹ́.

Ẹ má rò pé àsọdùn ni. Ìyàwó rẹ̀ á ní, "Ẹ dìde kẹ́ ẹ jẹun." Yóò mi orí. "Ẹ jẹ́ ká lọ gba afẹ́fẹ́." Kò ní í dáhùn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó sọ ni pé kí wọ́n kó gbogbo irin iṣẹ́ òun fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ. Àwọn ìbejì, tí wọ́n ti dàgbà tí wọ́n ń gbé lókèèrè, á pe fóònù pé àwọn fẹ́ gbọ́ ohùn Bàbá. Ìyá wọn á gbé fóònù sí i létí, mímí nìkan ni wọn á máa gbọ́. Bàbá Ìbejì ń rù. Ẹ̀rù ń ba Ìyá Ìbejì, ẹ̀rù gidi. Ó mọ̀ pé ọkọ òun ti ń lọ díẹ̀díẹ̀, ojú ògiri yẹn ló sì ń gbà lọ.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń gbé. Lẹ́yìn ilé wọn, àwọn kan ti gbẹ́ iyẹ̀pẹ̀ níbẹ̀ láyé ọjọ́un, wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́lé, wọn ò kọ́ ọ mọ́, omi òjò sì gba ibẹ̀. Kò jìn, kò kọjá orúnkún ọmọdé. Ẹrẹ̀ rírọ̀ ló yí i ká, koríko kúkúrú hù káàkiri, táyà ọkọ̀ ńlá kan tẹ́nìkan jù síbẹ̀ yọrí láàrin rẹ̀. Kòkòrò omi pọ̀ níbẹ̀ lọ jàra. Gbogbo àdúgbò ló ń ṣépè fún ibẹ̀ nítorí ẹ̀fọn. Ọmọ aráyé! Ohun tí à ń ṣépè fún, tábìlì oúnjẹ ẹlòmíì ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Ìbejì wà nídìí máṣíìnì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pálọ̀, ó ń ṣẹ́ etí ṣòkòtò, ni nǹkan bá ké níta: kípì-kípì-kípì-kípì! Ohùn mímú ni, kò dúró mí. Ni ohùn kan bá jáde láti inú yàrá.

"Kí nìyẹn?"

Háà! Ẹsẹ̀ Ìyá Ìbejì dúró gbagidi lórí máṣíìnì. Ó rò pé etí òun ló ń tan òun jẹ.

"Mo ní, kí nìyẹn?" Bàbá Ìbejì tún bi í, ó ti fẹ́ẹ́ bínú.

"Ẹyẹ ni."

"Mo mọ̀ pé ẹyẹ ni. Ṣé màlúù ló máa ké báyẹn ni? Irú ẹyẹ wo?"

Ìyá Ìbejì wo ìta. Ó ti ń wo ìta láti ojú fèrèsé yẹn láti ìgbà tí wọ́n ti kó dé ilé náà, ṣùgbọ́n kò wò ó rí láti sọ ọ́ fún ẹlòmíì. Kò mọ ibi tí òun ì bá ti bẹ̀rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ ni," ó ní. "Gbogbo ẹ̀, ẹsẹ̀ ni."

"Ẹsẹ̀ báwo?"

"Ẹsẹ̀ pupa, ó rí tín-ín-rín, ó gùn kọjá ààlà. Ara rẹ̀ gan-an ò ju ti ẹyẹlé lọ. Bàbá Ìbejì, ẹni tó gé ẹsẹ̀ yìí ò gba ìwọ̀n kó tó gé e."

Ó gbọ́ ẹ̀rín. Ẹ̀rín kékeré ni, imú ló gbà jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni. Ìyá Ìbejì fi ọwọ́ bo ẹnu, omi lé ròrò sí i lójú.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, Bàbá Ìbejì ti tọ ògiri jáde sí pálọ̀, ó jókòó lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì. "Kí ló ń ṣe báyìí?" Kò ní í jẹ́ kó rán ìlà kan tán. Ìyá Ìbejì á gbójú sókè, á sọ ohun tó rí. Ara ẹyẹ náà funfun, ìyẹ́ apá rẹ̀ dúdú, ojú rẹ̀ pọ́n. Ẹnu rẹ̀ gùn, ó tọ́, ó mú ṣonṣo bí abẹ́rẹ́ máṣíìnì. Kì í sáré. Á rọra gbé ẹsẹ̀ kan sókè kúrò nínú omi, á rọra gbé e sílẹ̀, á fi ẹnu yẹn ṣa kòkòrò lójú omi, kò ní í ri orí bọ̀ ọ́. Bó bá sì fò, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á máa fà lẹ́yìn bí òwú tí aránṣọ gbàgbé láti gé.

"Ẹyọ kan ni?"

"Méjì ni wọ́n. Tọkọtaya."

"Èwo ni ọkọ?"

"Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú dáadáa. Ti ìyàwó dà bíi kọfí."

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé ọkọ ni?"

"Òun ló ń pariwo láìnídìí."

Ọjọ́ tí wọ́n jà jù ni ọjọ́ tí ẹyẹ náà kọ́kọ́ jókòó. Ìyá Ìbejì ní ó ká ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Bàbá Ìbejì ní kò sí orúnkún tó ń ká sẹ́yìn láyé yìí. Ìyá Ìbejì ní kí ó lọ bi ẹyẹ, òun kọ́ lòun dá a. Wọ́n fà á títí, àárín ìjà yẹn sì ni Bàbá Ìbejì jẹ odidi búrẹ́dì kan àti ẹyin díndín méjì láì mọ̀ pé òun ń jẹun. Ìyá Ìbejì rí i. Ó rọra ti àwo sábẹ́ aṣọ kí àríyànjiyàn má bàa tán.

Ní tòótọ́, ìdí tí ẹyẹ náà fi jókòó ni pé ó ti yé ẹyin. Lórí òkìtì ẹrẹ̀ kékeré kan nítòsí táyà, wọ́n to koríko gbígbẹ jọ díẹ̀, ẹyin mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Àwọ̀ ẹrẹ̀ ni ẹyin náà, ó ní tóótòòtó dúdú, bí ẹni tí kò mọ̀ bá ń kọjá, yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ọkọ bá ń sàba, ìyàwó á lọ jẹun; bó bá dé, á ké jẹ́jẹ́, èkejì á dáhùn, wọn á gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Bí oòrùn ọ̀sán bá le, èyí tó ń bọ̀ á kọ́kọ́ lọ rẹ ìyẹ́ ikùn rẹ̀ sínú omi, á wá fi ikùn tútù yẹn jókòó lé ẹyin. Nígbà tí Ìyá Ìbejì sọ ìyẹn, ọkọ rẹ̀ ò bá a jiyàn. Ó kàn fi ọwọ́ tọ́ ọ lápá.

Ajá kan wá lọ́jọ́ kan, ó ń gbóòórùn kiri etí omi. Ni abo ẹyẹ yìí bá yọ́ kúrò lórí ẹyin, ó sáré lọ sínú koríko níbi tó jìnnà, ó ká ẹsẹ̀, ó fẹ ìyẹ́, ó jókòó pẹ̀sẹ̀ bí abiyamọ. Ajá lọ síbẹ̀. Ẹyẹ fò, ó tún lọ jókòó síwájú. Ajá tún tẹ̀ lé e. Báyìí ló ṣe mú un lọ títí tó fi já ojú títì.

Ìyá Ìbejì pàtẹ́wọ́. "Kò sí ẹyin kankan níbẹ̀! Ilẹ̀ lásán ló ń sàba lé!"

"Ó purọ́ fún ajá?"

"Irọ́ funfun báláú. Ìdí ló fi pa á!"

Bàbá Ìbejì rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní kí ìyàwó òun bá òun wá abẹ, ó sì fárùngbọ̀n fúnra rẹ̀.

Òjò wá rọ̀ mọ́jú. Irú òjò tí kì í bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Ìyá Ìbejì ṣí fèrèsé pálọ̀ láàárọ̀, kò rí táyà mọ́. Omi ti bò ó mọ́lẹ̀. Òkìtì ò sí, koríko ò sí, ẹyin ò sí. Ẹyẹ méjèèjì dúró sójú kan nínú omi, wọn ò jẹun, wọn ò ké.

"Ìyá Ìbejì," ohùn ọkọ rẹ̀ dé láti ẹnu ọ̀nà. "Báwo ni wọ́n ṣe jí?"

Ó yíjú wò ó. Ó dúró níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan lára ilẹ̀kùn, ó ti wẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán. Ìyá Ìbejì rí ògiri yàrá lẹ́yìn rẹ̀. Ó rí i pé tí òun bá la ẹnu sọ òótọ́ báyìí, ọkùnrin yìí máa padà síbẹ̀, kò sì ní í jáde mọ́.

"Wọ́n wà níbẹ̀," ó ní. "Wọ́n ti fi koríko gbé ilé wọn sókè. Ìyá jókòó lé ẹyin rẹ̀ pẹ̀sẹ̀."

Bàbá Ìbejì kọ etí sí fèrèsé. Ó dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ó dáa," ó ní. "Ọpẹ́ ni."

Ẹ gbọ́, irọ́ bíbí ò le, irọ́ títọ́ ló le. Ojoojúmọ́ ló máa ń jẹun. Ìyá Ìbejì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ ẹyẹ tí kò sí. Ó ní ẹyin ti pa. Ó ní ọmọ mẹ́rin ni wọ́n, wọ́n wà nínú ìtẹ́ wọn, wọ́n ń la ẹnu gbàgà, ìyá wọn ń fi ekòló sí i. Bẹ́ẹ̀ kò rí ọmọ irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ọmọ ẹyẹ òrùlé ló mọ̀, ìṣe tiwọn ló yá fún ti omi. Bàbá Ìbejì bi í bóyá gbogbo wọn ń ṣe dáadáa. Ó ní ọ̀kan ya ọ̀lẹ. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀lẹ ni Bàbá Ìbejì ń béèrè. "Ọ̀lẹ wa ńkọ́? Ṣé ó ti dìde?"

Nígbà tí àwọn ìbejì pè, Bàbá Ìbejì ló kọ́kọ́ gba fóònù. "Ọ̀kan nínú wọn ò fẹ́ ṣe nǹkan kan," ó ń sọ fún wọn, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó jọ ẹ̀yin méjèèjì láàárọ̀ ọjọ́ ilé-ìwé." Nígbà tí Ìyá Ìbejì gba fóònù padà, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ti ń sunkún. "Màmá, kí lẹ fún Bàbá lò?" Ìyá Ìbejì ní kò sí nǹkan kan. Ó lọ sí kíṣìnì, ó ṣí omi ẹ̀rọ kó máa dún, ó sì sunkún tirẹ̀. Ojú ń tì í. Ẹni tí kò lè pa irọ́ aṣọ fún oníbàárà, òun ló wá ń fi ọmọ ẹyẹ tan ọkọ rẹ̀.

Nǹkan kan tún wà. Láti bí ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn òjò, Bàbá Ìbejì ò jókòó sí pálọ̀ mọ́. Ó gbé àga rẹ̀ lọ sí kíṣìnì.

"Pálọ̀ ti móoru jù," ó ní.

"Kíṣìnì ló móoru, Bàbá Ìbejì. Iná ń jó níbẹ̀."

"Èmi ni ooru ń mú àbí ìwọ?"

Ìyá Ìbejì fi í sílẹ̀. Fèrèsé kíṣìnì kọjú sí apá kejì omi, níbi tí ilẹ̀ ti ga tí àwọn búlọ́ọ̀kù fífọ́ wà. Bí Ìyá Ìbejì bá ń fọ àwo, ó máa ń rí ọ̀kan nínú àwọn ẹyẹ náà tó ká ẹsẹ̀ jókòó láàrin búlọ́ọ̀kù. Á pòṣé. "Ẹ̀tàn yín ò lè tan èmi," á sọ lọ́kàn rẹ̀. Ṣebí òun ló rí wọn lọ́jọ́ ajá. Ó mọ̀ pé kò sí nǹkan lábẹ́ ẹ̀. Kì í wò ó pẹ́, torí ó ń dùn ún pé ẹyẹ tí omi ti gba gbogbo ẹyin rẹ̀ ṣì ń ṣe bí ọlọ́mọ. Á yíjú, á padà sídìí máṣíìnì, á lọ ro ohun tí ọmọ mẹ́rin tòun máa ṣe lónìí.

Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ń jẹun, ó gbọ́dọ̀ dàgbà ni. Ìyá Ìbejì rí i pé àfi kí òun jẹ́ kí wọ́n fò kí ọ̀rọ̀ yìí tó tán. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ṣọkàn akin, ó mú aṣọ tó ń rán lọ́wọ́, ó lọ bá ọkọ rẹ̀ ní kíṣìnì.

"Bàbá Ìbejì, wọ́n ti fò lọ."

"Àwọn wo?"

"Àwọn ọmọ. Mo rí wọn báyìí. Wọ́n gba ọ̀nà ìsàlẹ̀ lọ."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn."

"Títí kan ọ̀lẹ?"

"Òun ló ṣíwájú."

Bàbá Ìbejì bú sẹ́rìn-ín. Ó rín in tán, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó wá na ọwọ́ síwájú, ó wá ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ títí ó fi rí i.

"Fi aṣọ yẹn sílẹ̀ ná. Wá síbi fèrèsé yìí. Gbọ́."

"Kí ni kí n gbọ́?"

"Dákẹ́ ná."

Ó dákẹ́. Kò kọ́kọ́ gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, ó gbọ́ ẹyẹ tó ń ké, kípì, kípì, jẹ́jẹ́, kì í ṣe ariwo ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ó gbọ́ ohùn kan lábẹ́ ìyẹn, ó rí fín-ín bí ilé-iṣẹ́ rédíò tó jìnnà, tó ń wọlé, tó ń jáde.

"Kò sí i lánàá," Bàbá Ìbejì ní. "Àárọ̀ yìí ló dé."

Ìyá Ìbejì wo ìta. Ẹyẹ yẹn ló jókòó láàrin búlọ́ọ̀kù, bó ṣe máa ń jókòó. "Ẹ̀tàn ni," ó ní. "Ẹ ò rántí ni? Wọ́n máa ń ṣe bí ẹni pé..."

"Ajá dà?"

Ìyá Ìbejì wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sí ajá. Kò sí ẹ̀dá alààyè kan lẹ́yìn ilé yẹn yàtọ̀ sí àwọn ẹyẹ náà.

"Ta ni wọ́n wá ń tàn?" Bàbá Ìbejì ní. "Ẹyẹ kì í tan ara rẹ̀ jẹ. Wọ́n ti yé ẹyin mìíràn, ó ti pẹ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ tí wọ́n ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn níbẹ̀, ọ̀kan á ké, èkejì á dáhùn, bí wọ́n ṣe ń ṣe nídìí táyà. Ìyá Ìbejì, ìwọ nìkan lò ń sàba lé ilẹ̀ lásán nínú ilé yìí."

Ìyá Ìbejì jókòó sórí àpótí.

"Ẹ mọ̀?"

"Àárọ̀ ọjọ́ òjò yẹn gan-an. Etí tó gbọ́ àlọ ló ń gbọ́ àbọ̀. Ẹyẹ tó ní ẹyin kì í dákẹ́ bí o bá ṣí fèrèsé. O ṣí i, wọ́n dákẹ́. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo ń retí kó o sọ fún mi."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò wí nǹkan kan? Gbogbo ẹnu tí mo ń là gbàgà fún wọn yẹn, ẹ kàn ń wò mí?"

Bàbá Ìbejì ò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Láti ìgbà tá a ti fẹ́ra," ó ní, "máṣíìnì rẹ ń dún, rédíò mi ń dún. Ta ló ráyè sọ̀rọ̀? Ìgbà tí ojú mi lọ ni mo tó mọ bí ohùn rẹ ṣe rí. Mo ní tí mo bá sọ pé mo ti mọ̀ pé ẹyin ti bómi lọ, o máa padà sídìí máṣíìnì, o ò sì ní í bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Òkùnkùn ti mọ́ mi lára. Àìgbóhùn rẹ ni ò lè mọ́ mi lára."

Ìyá Ìbejì sunkún, kò sì ṣí omi ẹ̀rọ kankan láti fi bò ó mọ́lẹ̀. Ọkọ rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n wà bẹ́ẹ̀ títí ohùn ìta yẹn fi le sí i, ni Bàbá Ìbejì bá fi ìgbọ̀nwọ́ gún un.

"Dìde. Wọ́n ń ṣe nǹkan kan níbẹ̀."

Ó dìde, ó nu ojú, ó gbé orí jáde lójú fèrèsé. Ẹyẹ náà ti dìde láàrin búlọ́ọ̀kù. Ohun kéékèèké mẹ́ta jáde lábẹ́ rẹ̀, aláwọ̀ ẹrẹ̀, onírun lẹ́ùlẹ́ù. Wọn ò la ẹnu fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti ń rìn, lọ́jọ́ tí wọ́n dé ayé gan-an, wọ́n ń ta gọ́ọ́-gọ́ọ́ lọ sínú omi lọ wá oúnjẹ fúnra wọn.

"Bàbá Ìbejì," ó ní. "Irọ́ ni mo pa nípa ti ẹnu yẹn o. Wọn kì í fi oúnjẹ sí wọn lẹ́nu rárá."

"Mo gbọ́. Mélòó ni wọ́n?"

"Mẹ́ta."

"Òótọ́?"

"Òótọ́ pọ́ńbélé. Ọ̀kan ti ṣubú. Ó ti dìde."

Bàbá Ìbejì fa àga rẹ̀ sún mọ́ fèrèsé, ó fẹ̀yìn tì, ó dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ó dáa," ó ní. "Bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀."